Àwọn Òkúta Inú Agolo Àbúrò Mi

Ìwọ tí o ń kọ ọ́ yìí, bàbá bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ni, ìyá kan náà ló bí wa. O ò bá a láyé. Ohun tí wọ́n sọ fún ẹ nípa ikú rẹ̀ ni pé wọ́n fi nǹkan hàn án bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó sì gbàgbé. Kò gbàgbé. Èmi ni mo mọ̀ bó ṣe jẹ́, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Má bá mi tún un ṣe. Tí mo bá dákẹ́, dúró dè mí.

Ìjẹ̀dẹ́ la wà nígbà yẹn. Fóònù alágbèéká ti dé, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló tíì wà. Ẹni tó bá ní in á fi okùn gbé e kọ́rùn kí gbogbo ayé lè rí i. Èmi ni àgbà létí omi ní àdúgbò wa. Kì í ṣe oyè, ọjọ́ orí ni. Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí àwọ̀n, wọ́n á pè mí. Tí àlejò bá dé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á mú un wá.

Àlejò tí mò ń sọ yìí, obìnrin ni. Kò tíì tó ogójì ọdún. Ó wọ ṣòkòtò, ó so irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì kúnlẹ̀ kí mi nínú ṣòkòtò yẹn, orúnkún rẹ̀ kan iyanrìn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ́sítéètì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn Agric ní Ìkòròdú ló ń gbé. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ló rán òun wá, pé àwọn ará ibẹ̀ ti ṣe nǹkan kan fún àwa tí à ń pẹja lórí ọ̀sà. Ọkùnrin kan bá a wá, òun ló ń gbé kámẹ́rà. Ọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí ìyẹn.

Nǹkan tí wọ́n mú wá, rìmóòtù la sọ ọ́, torí ó jọ ti tẹlifíṣọ̀n. Bọ́tìnnì méjì ló wà lára rẹ̀. Tí o bá tẹ aláwọ̀ ewé, á fi Yorùbá sọ fún ẹ bóyá atẹ́gùn líle ń bọ̀. Pupa ni ti pé kí wọ́n wá gbà ẹ́. Àwọn kan máa wà létí omi pẹ̀lú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, tí pupa bá ti dún lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á gbéra. Àmọ́ o ò kàn ní tẹ pupa kí o fi sílẹ̀ o. O máa tẹ̀ ẹ́, o máa dì í mú, o ò ní ju ọwọ́ sílẹ̀ títí ohùn kan á fi sọ nínú rẹ̀ pé, "A ti gbọ́ yín." Ó tó kéèyàn fara balẹ̀ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀fà. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kó má baà ṣèèṣì tẹ ara rẹ̀ nínú àpò èèyàn, kí wọ́n máa wá sáré kiri lásán.

Obìnrin yìí ní òun ò wá tà á. Ó ní iṣẹ́ tòun ni kí òun mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó bá ń lò ó. Mo ní ṣé iṣẹ́ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Iṣẹ́ ni, Bàbá. Àwọn tó ṣe é, ìdí tábìlì ni wọ́n jókòó sí ṣe é. Wọn ò mọ ọ̀sà. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ibi tí kò ti dáa fún wa."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Tí èèyàn bá gbé oúnjẹ wá bá ẹ nílé, tó ní kí o sọ bóyá iyọ̀ pọ̀ jù, ṣé wàá sọ ọ́ lójú rẹ̀ ni? Ó dáa náà ni wàá sọ.

Ó to bẹ́ǹṣì sábẹ́ àgọ́ tí a ti máa ń tún àwọ̀n ṣe, ó ní ká máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó. Ó gbé rìmóòtù lé mi lọ́wọ́. Ó ní bí mo bá ṣe ń lò ó, gbogbo ohun tó bá ń wá sí mi lọ́kàn, kí n máa sọ ọ́ síta, kí n má ronú pé ó dáa tàbí kò dáa, kí n ṣáà máa sọ ọ́.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo dákẹ́.

"Kí ló wà lọ́kàn yín báyìí, Bàbá?"

"Kò sí."

"Kò sí nǹkan kan rárá, sà?"

"Mò ń tẹ̀ ẹ́."

Àwọn tó dúró ti ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ló pariwo láti ẹ̀yìn: "Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú! Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ìyàwó wọn ti ń wá ohun tó wà lọ́kàn yẹn. Kò tíì rí i."

Ẹnì kan ní, "Ẹja ni wọ́n ń sọ ọ́ fún."

"Ẹja kẹ̀! Ṣé ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń sá fún àwọ̀n wọn ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àbúrò mi. Èmi ni mo gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nílé wa, òun ló gba ẹnu.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ju ọwọ́ sílẹ̀ lórí pupa kí ohùn yẹn tó sọ̀rọ̀. Obìnrin yẹn rí i, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí mo ṣe tán, ó na páálí mẹ́ta sí mi. Wọ́n ya ojú èèyàn sí wọn. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan kàn wà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan fajú ro. Ó ní kí n fọwọ́ kan èyí tó bá bí nǹkan náà ṣe rí lára mi mu. Mo fọwọ́ kan èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, obìnrin yìí ti jẹun nílé mi. Ìyàwó mi ti ń pè é ní ọmọ òun.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ní ká ṣe é bí ẹni pé ọkọ̀ dojú dé. Ó ní kí ẹnì kan wọ inú omi díẹ̀, ibi tí kò jìn, kó máa tẹ rìmóòtù bí ẹni tí ìjì ká mọ́, kí ọkùnrin oníkámẹ́rà máa yà á.

A kì í fi ẹnu pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ létí omi tiwa, ká má tíì wá sọ pé ká fi ara ṣe é. Tó bá tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èèyàn, a ò ní sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. A máa ní ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ fún un pé a kì í ṣe é. Ó ní kí n má bínú. Ó ní ká wá ṣe é bí ẹni tó fẹ́ ránṣẹ́ sílé pé òun ti ń bọ̀, kí wọ́n gbé ọbẹ̀ kaná. Ìyẹn dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ ibòòji, ọwọ́ gbígbẹ, wọ́n ń tẹ pupa, wọ́n ń dúró, ohùn ń sọ pé a ti gbọ́ yín, wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé ọbẹ̀ kí ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ó wá kan àbúrò mi. Òun kì í dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun kóun tó sọ ohun tó wà lọ́kàn òun.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ o. Pupa ni. Ó ń wò mí, mò ń wò ó. Mo ti ju ọwọ́ sílẹ̀, kò fọhùn. Àṣé kò tíì tó. Ìyàwó mi gan-an rèé tó bá ń bínú. O máa pè é, o máa pè é, kò ní jẹ́ ẹ àfi tó bá wù ú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, obìnrin yẹn náà rẹ́rìn-ín, ó ń kọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ ń yára. Àbúrò mi wá ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ike omi tí a fi ń ṣan ẹja. Ó fi ọwọ́ tútù yẹn mú rìmóòtù. Ó yọ̀ bọ́. Ó tún mú un, ó tẹ̀ ẹ́, ìka rẹ̀ yẹ̀ lórí bọ́tìnnì. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó. Ẹni tí omi bá ń gbé lọ, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń..."

"Pa ẹnu ẹ dé!"

Èmi ni mo jágbe mọ́ ọn, níwájú gbogbo wọn. Mo ní, "Ibo lo rò pé o wà?"

Ó pa á dé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ti ní ọmọ tó tó gbéyàwó, ó sì pa ẹnu dé torí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Obìnrin yẹn ní, "Kí lẹ fẹ́ sọ, sà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí ẹ̀."

"Kò sí nǹkan, Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀."

Gbogbo ohun tí obìnrin yẹn tìtorí ẹ̀ wá láti Ìkòròdú nìyẹn. Kò gbọ́ ọ.

Kó tó lọ, ó pín rìmóòtù fún àwa mẹ́jọ. Ó mọ̀ pé a ò mọ̀wé, kò sọ pé ká máa kọ nǹkan. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní agolo mílíìkì méjì, ó kun ọ̀kan ní ọ̀dà funfun, ó kun ìkejì ní dúdú. Ó tún fún wa ní òkúta wẹ́wẹ́. Ó ní ká máa dán pupa wò lẹ́ẹ̀kan lójoojúmọ́ lórí omi, pé àwọn tó ń gbọ́ ọ létí omi mọ̀ pé a ṣì ń dán an wò ni. Ọjọ́ tó bá gbọ́ràn sí ẹ lẹ́nu, kí o ju òkúta sínú funfun. Ọjọ́ tó bá yọ ẹ́ lẹ́nu, sínú dúdú. Tó bá di oṣù mẹ́ta, òun á padà wá ka òkúta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni gbogbo agolo yẹn wà.

Èmi kì í dán tèmi wò. Mo máa ń gbé e kọ́rùn lọ, mo máa ń gbé e kọ́rùn bọ̀, mo máa ń ju òkúta sínú funfun. Àwọn yòókù ń wo ohun tí mò ń ṣe, wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Agolo àbúrò mi nìkan ló yàtọ̀, dúdú rẹ̀ ló ń kún. Kò bá mi jiyàn, kò sì tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Á wọlé, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ilé," òkúta á ró nínú agolo dúdú, á jáde. Mo máa ń gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí. Ó yé mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbà lẹ́nu rẹ̀ ló ń fi òkúta sọ.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí oṣù mẹ́ta pé, obìnrin yẹn yà lọ́dọ̀ mi. Kò mú oníkámẹ́rà wá. Ojú rẹ̀ ò dùn. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ń béèrè bóyá kí àwọn máa bá iṣẹ́ náà lọ tàbí kí àwọn pa á tì. Tí wọ́n bá pa á tì, ibi tí iṣẹ́ tòun náà parí sí nìyẹn.

"Bàbá, mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè parọ́ fún mi o. Òótọ́ ni mo fẹ́. Mo kàn ń sọ ọ́ fún yín ni."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń yọ lẹ́nu. Mo ti sọ ọ́ tán, lórúkọ gbogbo wa, kí n tó rántí agolo dúdú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa ka òkúta, àbúrò mi wà lórí omi. Mo mú agolo dúdú rẹ̀, mo dà á sínú funfun. Mo ṣẹ́ mẹ́ta kù sínú dúdú, kó má baà dà bíi pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Mi ò rò pé ibi ni mò ń ṣe. Ohun tí mo rò ni pé ojú ò gbọdọ̀ ti ọmọ olọ́mọ tó jẹun nílé mi, pé àbúrò tí wọ́n bí tẹ̀lé mi ò gbọdọ̀ sọ mí di òpùrọ́ níwájú àlejò. Ìyẹn nìkan ni mo rò.

Obìnrin yẹn kà á, inú rẹ̀ dùn, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní àwọn kan ń bọ̀ wá kó àwọn rìmóòtù lọ lọ́jọ́ kejì fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n lè yẹ bátìrì wọn wò, pé tí àwọn bá dá wọn padà, ìdánwò ti parí nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ pupa mọ́ àfi tó bá jẹ́ òótọ́.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi dé. Ó wo agolo, ó rí i pé ó ti ṣófo.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti ka tèmi?"

"Wọ́n ti kà á."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

Kọ ọ́ dáadáa. Ohun tí mo sọ fún un nìyí. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn á tún un ṣe."

Inú rẹ̀ dùn! Ó jókòó tì mí, èyí tí kò ṣe láti ọjọ́ tí mo ti jágbe mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n kó rìmóòtù padà dé, ó tún bi mí, ó ní, "Ṣé wọ́n ti tún un ṣe? Ṣé kò sí dídìmú mọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé e kọ́rùn. Kò sì lè dán an wò, torí wọ́n ní ìdánwò ti parí.

Ọjọ́ ọjà Ejìnrìn ló gbé ẹja lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn àna rẹ̀ wà, kì í jẹ́ kí ọjà yẹn ré òun kọjá. Ọ̀sán ni ìjì yẹn yọ, irú èyí tó máa ń ṣíwájú òjò àkọ́kọ́, tí kì í fún èèyàn láyè. Mo wà lábẹ́ àgọ́, mo rí i tí omi dúdú lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì jókòó sídìí iṣẹ́ wọn, wọ́n ń wo ibi tí pupa ti máa ń dún. Kò dún.

Ọkọ̀ rẹ̀ la kọ́kọ́ rí. Ọjọ́ kejì la rí òun, nínú ewé òṣíbàtà. Rìmóòtù wà lọ́rùn rẹ̀. A sin ín lójú ẹsẹ̀ bí Mùsùlùmí.

Ọjọ́ kẹjọ, obìnrin yẹn wá bá wa ṣe àdúrà fídáù. Ó ti so rìmóòtù yẹn mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní nǹkan náà máa ń rántí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, pé àwọn ò wo inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí àwọn ti ní òkúta. Ìgbà mọ́kànlá ni àbúrò mi tẹ pupa.

"Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi sílẹ̀, Bàbá. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi sílẹ̀. Wọn ò dì í mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Ó ń sunkún. "Agolo funfun wọn kún o! Mo rò pé wọ́n mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Àfi kó jẹ́ pé ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì gbàgbé."

Ìyàwó rẹ̀, ìyẹn ìyá bàbá rẹ, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní, "Ó gbàgbé?" Ó wá kọjú sí mi. Ọkọ mi ló máa ń pè mí, bí ìyàwó ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, ṣé kò sọ fún yín rí pé nǹkan yìí ń yọ òun lẹ́nu?"

Mo ní, "Kò sọ fún mi."

Ohun tó wọ ìwé àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ yẹn nìyẹn: pé nǹkan náà dáa, ẹni tó lò ó ló gbàgbé. Wọ́n gbé e lọ sí àwọn etí omi míì lọ́wọ́ Ẹ̀pẹ́ lọ́hùn-ún, pẹ̀lú dídìmú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kó gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Mi ò béèrè ìdí. Mi ò béèrè bóyá ẹlòmíì tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí láti béèrè.

Opó àbúrò mi kó àwọn ọmọ, ó padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ejìnrìn. Tó bá rán ọmọ níṣẹ́, tí ọmọ ò fetí sílẹ̀, á ní, "Fetí sílẹ̀ o, kí o má ṣe bíi bàbá yín tí wọ́n fi nǹkan hàn, tó gbàgbé." Bàbá rẹ gbọ́ ọ títí ó fi dàgbà. Mo wà níbẹ̀ nígbà míì tó ń sọ ọ́. Mò ń jẹun lọ.

Ìgbà tí àìsàn ìyá bàbá rẹ wá wọra, mo wọkọ̀ lọ bá a. Mo ti pinnu pé mo máa sọ ọ́. Láti Ìkòròdú títí dé Ejìnrìn ni mò ń tò ó lọ́kàn, bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe máa dé ibi agolo. Ó wà lórí ẹní, ó ti gbẹ. Inú rẹ̀ dùn pé mo wá. Ó ní kí wọ́n gbé omi fún mi. Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní:

"Ọkọ mi, ẹ̀yin nìkan ni mo lè bi. Nǹkan tí ò ju kéèyàn fi ìka dì í mú lọ. Mo ti rò ó, mo ti rò ó. Tó bá jẹ́ pé ó rántí mi nínú omi yẹn, tó rántí àwọn ọmọ, ṣé kò ní dì í mú ni?"

Ó ń wo ẹnu mi. Gbogbo ohun tí mo tò wá láti ilé wà lẹ́nu mi. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí tí mo bá sọ ọ́. Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ̀."

Ó mi orí. Ó ní, "Ọlọ́run ló mọ̀ lóòótọ́," ó sì kọjú sí ògiri.

Mo jáde. Mo rìn dé títì, mo dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Mo rò ó pé kí n padà. Ọkọ̀ dé, mo wọ̀ ọ́.

Ó kú kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ó ṣì ń bínú sí àbúrò mi.